Rọ́bà Pupa Ọ̀yà

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí bìrí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yà kọjá, ó dúró lórí Òkété.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀rẹ́ ni Ọ̀yà àti Òkété. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ tó fi ń kó èrò lọ sí ọjà. Òkété tún mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ Ọ̀yà ni gbogbo ẹranko ń lọ, nítorí ó máa ń kí wọn, á sì bá wọn gbẹ́rù. Òkété á jókòó, á máa wò wọ́n. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ọkọ̀ Ọ̀yà, inú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tó jẹ ata lórí ebi.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yà gbé ọkọ̀ wá.

"Ọ̀rẹ́ mi, rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀ lẹ́yìn táyà ti ya. Bá mi tú u, kí o fi tuntun yìí sí i."

Pupa ni rọ́bà tuntun náà. Ó wọ Òkété lójú.

"Irin tó dì í mú náà ti dípẹtà," ni ó wí. "Fi sílẹ̀, kí o padà wá lọ́la."

Bí Ọ̀yà ti lọ, Òkété da kẹrosíìnì sí ìdí bóòtì tó de rọ́bà mọ́ ọkọ̀, ó mú sípánà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ọ̀yà ló lèrò,
Jàńjàlá.
Ẹrẹ̀ á lé wọn,
Jàńjàlá.
Wọn á di tèmi,
Jàńjàlá.

Ó tú rọ́bà tó ya. Bóòtì tí kò ṣí, ó fi ayùn irin gé e. Ó yọ gbogbo irin ìdìmú, kò ku ibi tí ènìyàn lè so nǹkan mọ́. Ó wá kan rọ́bà pupa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi àkísà bò ó.

Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Olè ti gbé rọ́bà rẹ lọ. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè rìn láìsí rọ́bà."

Ọ̀yà mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ohun tó lọ ti lọ."

Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ Ọ̀yà kún. Ó kọjá lára Ìyá Ẹtu, àgbà ìlú, tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹrẹ̀ ta láti ẹ̀yìn táyà, ó bo ìyá láti orí dé ẹsẹ̀. Òkété dé lẹ́yìn wọn wẹ́rẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ rí ohun tí Ọ̀yà yín ṣe? Ẹ wọlé síwájú níbí."

Ìyá wọlé. Òkété fẹ́ kí èrò Ọ̀yà rí ẹni tó jókòó ti òun. Ó sáré, ó sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Táyà Ọ̀yà kó sínú kòtò, ẹrẹ̀ àti òkúta sì ta sẹ́yìn. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ Òkété fọ́ yángá. Rọ́bà pupa wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni rọ́bà ń gbà lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Òkété kò rí ọ̀nà mọ́. Ó já sí gọ́tà.

Ọ̀yà sáré padà. Ó fa Ìyá Ẹtu jáde, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá." Ó bọ́ sẹ́yìn láti ti ọkọ̀. Àkísà ti já bọ́. Ó fọwọ́ kan rọ́bà pupa náà.

"Òkété, rọ́bà mi nìyí."

Ìyá Ẹtu yí ojú sí Òkété. "Kí ni Ọ̀yà fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí," ni Òkété wí. "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ ni."

Kò sẹ́ni tó lu Òkété. Ọ̀yà so okùn mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fà á dé ilé. Gbogbo èrò ń wo Òkété, ìyẹn sì dùn ún ju ẹgba lọ. Ìtìjú yìí ló mú kí ó gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀. Títí di òní, àfi tí ilẹ̀ bá ṣú kó tó yọjú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí a bá ń jowú, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń wà. Ohun tí a bá ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú wa ni yóò bá.