Ẹnu Tí A Fún Gìtá

Ẹnu tí a bá fún gìtá ló fi ń kọrin; a kì í torí ohùn gìtá na ẹni tó ń ta á.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ti gbé Ìrókòtẹ́dó rí, òwe yìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Wọ́n ń pa á ní oko, wọ́n ń pa á ní ìsọ̀, wọ́n ń pa á níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ń jẹ obì láìbèèrè igi tó so ó. Igi tó so obì yìí korò, ilé Ọlọ́run ló sì ti hù. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi Bíbélì lu wá. Ẹ ṣe àmín.

Opó kan wà ní ìjọ Aládùúrà ti Òkè-Ìsinmi ní Ìrókòtẹ́dó. Tìjésùnimí lorúkọ rẹ̀, Àṣàkẹ́ loríkì rẹ̀. Aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ ń wọ̀ lọ sí ìsìn ló ń rán jẹun, òun náà ló sì ń ta gìtá nínú ìjọ. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ náà sùn nínú Olúwa, tí gìtá dákẹ́ lára ògiri, obìnrin yìí gbé e kọ́rùn. Àwọn kan ní, “Obìnrin kẹ̀?” Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ta á tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó bèèrè náà ló kọ́kọ́ dìde jó.

Ohùn gìtá rẹ̀ a máa dún ketekete, bí omi tó ń kán sínú ìkòkò amọ̀. Bí orin bá wá gbóná, ohùn náà a ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti gbàdúrà mọ́jú. Ibi tó ti ń ha yẹn gan-an ni omijé ti ń bọ́ lójú àwọn ènìyàn. Àwọn obìnrin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

Àṣàkẹ́, ọmọ a-jí-gbàdúrà-kí-àkùkọ-tó-kọ,
Ọmọ a-fi-ìka-pe-áńgẹ́lì-lórúkọ,
Ta á kó dé òkè, ìwọ laya olórin,
Ẹni tí Jésù ní, ta ní ó gbà á?

Ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka nìkan kọ́. Inú àpótí tí ohùn gìtá ń gbà jáde, sípíkà kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sípíkà tí a dìídì ṣe fún gìtá ni. Nítorí pé ojú rẹ̀ fúyẹ́, kíá ló ń gbọ̀n bí a bá ti fọwọ́ kan okùn, ohùn òkè a sì jáde gaara. Tìjésùnimí mọ ohùn sípíkà yìí bí ìyá ọmọ ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀ láàárín igbe ọmọ mẹ́wàá.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fi Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́, ọlọ́jà pákó, jẹ Bàbá Àwọn Akọrin. Bàbá yìí lawọ́, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun lawọ́. Ó fi sípíkà tuntun kan ta ìjọ lọ́rẹ. Ńlá ni! Irin ìdí rẹ̀ tóbi bí ọmọ odó, ojú rẹ̀ nípọn bí awọ, rọ́bà sì yí i ká. Sípíkà béèsì ni, èyí tí a ṣe fún gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tó máa ń mi àyà ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè bóyá ó bá gìtá mu.

“Mi ò lè jẹ́ Bàbá Akọrin,” Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, “kí àpótí ìjọ mi wá máa fi bébà sọ̀rọ̀.”

Ìjọ ho. Wòlíì Hágáì, tí í ṣe olórí ìjọ, ta òróró sí sípíkà náà lórí, ó sì gbàdúrà gígùn lé e. Wọ́n yọ ti bébà, wọ́n fi ti Bàbá sínú àpótí, wọ́n sì kan ti àtijọ́ mọ́nú àpótí kékeré kan fún ilé àwọn ọmọdé, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ wọn ní ìtàn Bíbélì. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ àṣà wọn ní Òkè-Ìsinmi fún yín: ohun tí a bá ti ta òróró sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ láìdáa mọ́. Òróró ti pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Àìkú dé. Tìjésùnimí fọwọ́ kan okùn. Wùùù! Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu tó wá ń kí àlejò. Ó yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Wùùù, wùùù, bí ẹni ń pe ènìyàn láti inú kànga. Ohùn òkè kò jáde, kò ketekete, kò ha. Orin kú mọ́ àwọn akọrin lẹ́nu. Àwọn tó ti dìde fún ijó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà ọjà.

Nígbà tí ìsìn parí, ó lọ bá Wòlíì, ó sì kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀bùn yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹnu gìtá kọ́. Ẹnu béèsì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà fún mi.”

“Àṣàkẹ́, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ta òróró sí, òun lo ń pè ní kò dáa?”

“Mi ò pè é ní kò dáa, Bàbá. Mo ní kì í ṣe ti gìtá.”

“Lọ yẹ ara rẹ wò.”

Lọ yẹ ara rẹ wò! Ẹni tó ń sọ pé bàtà há òun, wọ́n ní kó lọ gé ẹsẹ̀.

Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò náà, nítorí onírẹ̀lẹ̀ ni. Ó pààrọ̀ gbogbo okùn gìtá, ó gbàdúrà. Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, wùùù náà ni. Kí orin tó dé ìdajì, Wòlíì Hágáì mi agogo ọwọ́ rẹ̀, orin sì dúró. Ó ní kí Tìjésùnimí bọ́ síwájú, kí ó na ọwọ́ méjèèjì síta kí gbogbo ènìyàn rí i.

“Ògo ti kúrò lára ọwọ́ yìí,” Wòlíì wí. “Ọwọ́ yìí ti kan ohun àìmọ́. Jẹ́wọ́!”

“Kí ni kí n jẹ́wọ́, Bàbá?”

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Ẹ rò ó wò. Opó tó ń dá gbé, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kan ohun àìmọ́, wọn kò dárúkọ ohun náà. Kí ni ẹ rò pé ìjọ yóò fi parí rẹ̀? Obìnrin kan rẹ́rìn-ín sínú ìborùn. Òmíràn ní, “Àbí ẹ ò rí i bó ṣe ń sanra láìlọ́kọ.” Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti gba gìtá lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa gbààwẹ̀, kí ó sì máa gbá ilé àwọn ọmọdé títí yóò fi jẹ́wọ́.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn tó ti kó aṣọ funfun wá fún un láti rán bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó o. Wọ́n ní ọwọ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ kò lè rán aṣọ ìsìn. Ẹnì kan kò tilẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń nawọ́. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ní láyé kò ju orúkọ rere lọ, òun náà ni wọ́n fà ya bí àkísà.

Tìjésùnimí gbààwẹ̀ náà lóòótọ́. Àdúrà tó ń gbà kò gùn. “Olúwa, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, fi hàn mí. Bí kò bá sí, gbèjà mi, torí mi ò lẹ́nìkan.”

Ìkórè wá sún mọ́lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àgbà ìjọ jókòó nínú yàrá ìpàdé, wọ́n ń fi àdúrà wá ẹni tí yóò ta gìtá. Ní àkókò yẹn gan-an, Tìjésùnimí ń gbá ilé àwọn ọmọdé lódìkejì àgbàlá. Ibẹ̀ ni wọ́n fi gìtá náà pamọ́ sí. Ó wò ó. Ó wo àpótí kékeré tó wà lórí tábìlì. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì ta orin kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi jí i láàárọ̀.

Ketekete! Ohùn náà fò láti ojú fèrèsé, ó gba àgbàlá kọjá, ó wọ yàrá ìpàdé.

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ ló kọ́kọ́ dìde. “Ẹ gbọ́! Ta nìyẹn?”

“Ẹ wò ó! Ọlọ́run ti fèsì kí a tó ṣe àmín!” ni Wòlíì Hágáì wí. Ó di ojú. “Mo ti rí i lójú ìran ṣáájú. Ọkùnrin kan ni, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ó gbé gìtá dání. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyí!”

Wọ́n dà jáde, wọn kò rántí wọ bàtà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé àwọn ọmọdé. Tìjésùnimí ni wọ́n bá, gìtá lọ́rùn, ìgbálẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Màmá Dọ́káàsì, Ìyá Ìjọ, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ló dé kẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó yọjú wò ó, ó tún wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Hágáì, ọkùnrin ọ̀nà jíjìn náà dà?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń fi ẹnu gun ẹṣin, kì í já bọ́ bọ̀rọ̀. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè. “Halelúyà! Ẹ ò rí i? Àwẹ̀ ti ṣiṣẹ́! Ọlọ́run ti wẹ̀ ẹ́ mọ́!”

Láti ìgbà tí wọ́n ti dójú ti obìnrin yìí, kò tíì gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí i nínú. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn, ó fara dà á. Wọ́n tún wá fẹ́ fi ìdáríjì lé irọ́ náà lórí.

“Ó ti wẹ̀ mí mọ́?” ó wí. “Ó dáa. Ẹ tẹ̀ lé mi.”

Ó gbé àpótí kékeré náà rù, ó mú gìtá dání, ó sì wọ inú ìjọ lọ. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ńlá. Ó ki wáyà bọ inú kékeré, ó ta orin náà: ketekete. Ó yọ wáyà, ó kì í bọ inú ńlá, ó ta orin kan náà: wùùù. Ó tún dá a padà: ketekete.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ọwọ́ kan náà ni. Gìtá kan náà ni. Orin kan náà ni. Wáyà nìkan ni mo ń yọ. Ṣé inú wáyà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ń gbé? Bí mo bá kì í bọ ìhín, mo mọ́. Bí mo bá kì í bọ ọ̀hún, mo tún ti di alágbèrè?”

Màmá Dọ́káàsì ló fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Hágáì, ọmọ mi, ẹnu tí a bá fún gìtá ló fi ń kọrin, a kì í torí ohùn gìtá na ẹni tó ń ta á. Àwa la yọ ẹnu tó ní, tí a fi ẹnu ẹlẹ́nu sí i. Obìnrin yìí sọ fún wa, a ní kó dákẹ́. Àwa náà la tún bọ́ sí gbangba, tí a ní òun ló jẹ̀bi. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́. Ti ta ni?”

“Mo rò pé èyí tó bá tóbi ló dára jù ni,” Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ wí, ojú sì tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ sípíkà rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ń ta béèsì, kí wọ́n sì dá ti bébà padà sí àyè rẹ̀. Lọ́dọ̀ béèsì ló ti dún dáadáa, àyà gbogbo ìjọ ń mì. Sípíkà náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rárá.

Ọ̀rọ̀ Màmá Dọ́káàsì jáde kúrò nínú ìjọ, ó gba ìlú kan, ó sì di òwe. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ẹni tó wà nípò bá fún ẹni abẹ́ rẹ̀ ní irinṣẹ́ tí kò yẹ, tí kò gbọ́ ìkìlọ̀, tí iṣẹ́ bàjẹ́, tó sì wá di ẹ̀bi ru ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń pa á kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, Wòlíì Hágáì fa Tìjésùnimí sí ìkọ̀kọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àṣàkẹ́, má bínú. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú sáàárín àwa méjèèjì.” Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì wò ó lójú.

“Bàbá, iwájú gbogbo ìjọ lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣe nǹkan kan.”