Àgbélébùú Òkúta Abẹ́-Àpáta

Ní ọdún tí ogun Ajíbógun jó oko mọ́ ilé, ọ̀nà pin mọ́ àwọn baba wa ní Abẹ́-Àpáta. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí nígbà náà. Òkú ẹni tí ó kú ikú burúkú nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sínú igbó, ẹ̀rù igbó náà sì ń ba tọmọdé tàgbà. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ wá ń sin òkú wọn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Igbó burúkú mìíràn rè é.” Èrò yìí ló tàn wọ́n jẹ. Wọ́n ní jagunjagun kankan kò ní í fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, ni wọ́n bá kó arúgbó, aboyún àti ọmọdé lọ sí ìdí àgbélébùú òkúta tí ó wà níbẹ̀.

Jeremáyà Ògúnrìndé ló gbẹ́ àgbélébùú náà sórí sàréè baba rẹ̀. Àjàní ni oríkì Ògúnrìndé, ọmọ a-fi-òòlù-jí-àpáta, òpó tí kì í yẹ̀ lábẹ́ àjà. Ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, wà lára àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Ògúnrìndé kò fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá.

Áà, ìrètí asán! Ajíbógun wọlé, ó bú sẹ́rìn-ín. “Òkú ni ẹ fi ń dẹ́rù bà mí? Èmi tí mo ń pa wọ́n?” Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so àwọn ọmọdé mọ́ra. Kí ni ẹni tí kò ní ìbọn, tí kò ní ẹsẹ̀ eré, lè ṣe? Ẹkún nìkan ló kù.

Ògúnrìndé dìde. “Balógun, ẹ wo òkúta yìí. Ọwọ́ mi ló gbẹ́ ẹ. Mo lè mọ odi òkúta yí ìlú yín ká, tí ọ̀tá kankan kò ní í lè wó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ẹnikẹ́ni kúrò níbí, ọwọ́ yìí náà ni n ó fọ́ lójú yín.” Ó tẹ́ ọwọ́ òsì lé orí òkúta, ó gbé òòlù sókè.

Ajíbógun gbọ́wọ́ sókè sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. “Ẹ tú wọn sílẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ de òun.”

Ìyá rẹ̀ figbe ta: “Àjàní, ta ni yóò wá sin mí?”

“Ẹ dúró dè mí, yèyé mi. Mò ń bọ̀.”

Wọ́n mú un lọ lójú gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè ta pútú. Ìtìjú ńlá ni, ó sì ń dùn wá títí di òní.

Ìyá náà dúró dè é, ó dúró títí ikú fi dé, Ògúnrìndé kò sì padà. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá náà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ àwọn ènìyàn kọ̀ láti sọ òkú náà kalẹ̀. Àgbà kan ké sí ojú ọ̀nà pé, “Ògúnrìndé o! Ṣé o ti dé? Ìyá rẹ ń lọ o!”

Láti ọjọ́ náà, a kì í sin òkú sí ọgbà yẹn láìjẹ́ pé àkọ́bí òkú dúró ti àgbélébùú, kí ó pe Ògúnrìndé. Gbogbo wa a kọjú sí ọ̀nà, a ó dákẹ́, títí kan àwọn ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ẹni tí à ń dúró dè.