Akàn Lu Gúdúgúdú

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já lu Akàn, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju làákàyè rẹ̀ lọ.

Akókó, olórí onílù, gbé gúdúgúdú fún un níbi ìgbéyàwó Ẹtu létí odò. “Ọ̀tún, òsì, kí wọ́n dún dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gba ìlù mi.”

Akàn dáwọ́ lé e: gbì-pẹ́! Ẹ gbè é!

— Gbì-pẹ́, gbì-pẹ́!

Àwọn oníjó tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó tún lù ú, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó já sódò, jàbú!

“Akàn! Irú ìlù wo nìyí?”

“Ọ̀gá, ọwọ́ mi ni mo fi lù ú. Ta ló ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mi jó?”

Akókó rẹ́rìn-ín títí, síbẹ̀ ó gba ìlù rẹ̀.

Ààlọ́ tèmi náà ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ kí n tó já sódò.