Ilé Tó Ṣẹ́ Ku Ilẹ̀kùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó já sí abà, ó balẹ̀ lórí Ọdẹ́táyọ̀, àgbẹ̀ kan tó láhun.

Ní ìgbà kan rí, bàbá-bàbá Ọdẹ́táyọ̀ bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ́ ilé oko. Ẹfọ̀n fi ẹsẹ̀ po amọ̀, ó mọ ògiri. Erin ru òpó wá láti inú igbó. Ẹyẹ ẹ̀gà fi koríko bo orí ilé. Bàbá náà fúnra rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo wọn a padà wá tún ilé ṣe, onílé a sì fi iṣu sísun àti epo ṣe wọ́n lálejò.

"Ṣé erin ń jẹ epo ni?"

Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo sun iṣu náà ni? Ó jẹ ẹ́, ó tún lá ọwọ́jà rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́táyọ̀ jogún ilé náà. Lọ́dún tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bímọ, àwọn ọlọ́wẹ̀ dé. Ọdẹ́táyọ̀ wo iṣu rẹ̀, ahun mú un.

Ó ní, "Kí lẹ wá tún ṣe? Bàbá-bàbá mi nìkan ló kọ́ ilé yìí."

Erin ní, "Òun nìkan? Ó dáa." Ló bá dárin. Ẹ gbè é dáadáa.

Ta ló ni òpó?
*Tẹ̀rẹ́nà!*
Èmi Erin ni.
*Tẹ̀rẹ́nà!*
Kóníkálukú mú tirẹ̀.
*Tẹ̀rẹ́nà!*

Erin fa òpó yọ. Ẹfọ̀n ká ògiri bí ẹni ká ẹní, ó fi kọ́ ìwo. Ẹ̀gà, ẹyẹ kékeré yẹn, gbé òrùlé fò lọ. Ó ku ilẹ̀kùn nìkan lórí ìdúró.

Ọdẹ́táyọ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi igi dábùú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

Òjò dé. Àwẹ̀ró ti odò bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, òjò ń pa ọmọ."

Ó ṣí i. Àwẹ̀ró wọlé, òjò náà wọlé.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé inú ilé la wà yìí?"

"Inú ilé ni. Nu ẹsẹ̀ rẹ."

Ọmọ sín. Ó tún sín. Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ẹ̀rù wá ba Ọdẹ́táyọ̀ gidi. Ó ru ilẹ̀kùn, ó sáré wọ igbó lọ bá àwọn ọlọ́wẹ̀, Àwẹ̀ró sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Erin ní, "Ta ló kọ́lé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Iṣẹ́ wo wá ni bàbá-bàbá rẹ ṣe?"

Ọdẹ́táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ó pè yín, ẹ sì dá a lóhùn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, òrùlé ti padà sórí ògiri. Àwẹ̀ró dáná fún ọmọ kó lè yá. Ọdẹ́táyọ̀ sun iṣu títí iṣu fi tán ní abà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá jogún ilé, kó jogún àwọn tó kọ́ ọ mọ́ ọn.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá purọ́, kí eyín kan tó kù lẹ́nu mi má lè fọ́ ẹ̀pà ọwọ́ mi yìí. Ẹ gbọ́: káú!