Káfíńtà Tó Dá Ìwé Kóòtù Padà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tí ó jẹ́ pé òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀kùn àdúgbò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé. Ilẹ̀kùn tó bá kàn, ìka kan péré lo máa fi tì í, yóò sì pa dé láìdún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀: balùwẹ̀ ilé tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akódà kóòtù ìbílẹ̀ bá a nídìí iṣẹ́, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ìṣó méjì wà láàárín ètè káfíńtà nígbà náà. Ó rí orúkọ ìyàwó rẹ̀, tó ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú Ìbídùn, ọmọbìnrin wọn, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rí "ìtúká ìgbéyàwó". Ó rí "olùjẹ́jọ́" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àwọn ìṣó náà bọ́ sílẹ̀. Kò kà á kọjá ibẹ̀. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti tú ilé òun ká, wọ́n sì ti dá òun lẹ́bi.

Ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún nìyí? Nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ọ, báwo la ṣe mọ̀ pé àwọn àna gbà? Ṣebí torí pé wọn kò dá ẹrù wa padà ni. Ìdílé tí kò bá gbà, ẹrù ni í dá padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwọ náà, dá ìwé wọn padà fún wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ káfíńtà létí. Ó fi aṣọ funfun wé ìwé náà, ó gbé e sínú igbá, ó sì fi orógbó mẹ́jọ àti ìgò oyin kan tì í, kí wọ́n má baà rò pé ìbínú lòun fi ṣe é. Ó gbé e dé kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ fún akọ̀wé, ìyá àgbàlagbà kan tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, a ò gbà á o."

Akọ̀wé tú aṣọ náà. Èèrà ti yí ẹnu ìgò oyin ká. "Kí lẹ ò gbà?"

"Ìkọ̀sílẹ̀ náà, mà. A dá a padà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Tètè gbé oyin rẹ kúrò níbí, kí wọ́n má baà sọ pé o fẹ́ fi ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún ààrẹ kóòtù. Jókòó, ọmọ mi. Ta ló sọ fún ọ pé ìgbéyàwó rẹ ti tú? Ìwé ìpẹ̀jọ́ nìyí. Ó ń pè ọ́ ni, kò tíì dá ẹjọ́ kankan. Ìyàwó rẹ ló mú ẹ̀sùn wá, òun ni olùpẹ̀jọ́. Ìwọ tí a fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu rẹ ni olùjẹ́jọ́. Kì í ṣe orúkọ ẹlẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí o bá dá ìwé yìí padà nígbà ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ ẹjọ́ kò ní í yẹ̀. Bí o kò bá wá, kóòtù lè gbọ́ tẹnu ẹni tó wá, kó sì dá ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ."

Káfíńtà ní, "Ta ló wá lè gbé e kúrò ńlẹ̀, mà?"

"Ẹni tó gbé e wá. Olùpẹ̀jọ́ lè fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ìdájọ́ tó wáyé. Ìwọ kò lè bá a fà á. Kí ló tilẹ̀ ní o ṣe fún òun?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú ìwé náà.

"O ò kà á dé ìsàlẹ̀!" Ìyá náà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á sókè: "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ pé balùwẹ̀ wa kò ní ilẹ̀kùn. 'Mo ti gbọ́' ni ìdáhùn ọkọ mi nígbà gbogbo. Bí mo bá ń wẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀. Ó ti sú mi." Ó gbójú sókè. "Bẹ́ẹ̀, káfíńtà mà ni ọ́!"

Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ohun tó fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́ kò ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn kóòtù. Nígbà tí wọ́n pe olùjẹ́jọ́, ó dìde láìtijú.

"Kí ni èsì rẹ?" ni ààrẹ kóòtù bi í.

"Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, sà. N kò fetí sílẹ̀ ni. Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Mo sì ti ṣe ilẹ̀kùn náà, igi ọ̀gánwó ni."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ìyẹ̀fun igi ṣì wà ní etí ọkọ rẹ̀ kan. "Ẹ bá mi bi Bàbá Ìbídùn, sà. Ibo ni wọ́n ti ń tì í?"

"Láti inú ni, Ìyá Ìbídùn. Mo tún kan ìkọ́ kan síbẹ̀ fún aṣọ ìnura, ibi tí ọwọ́ rẹ máa tó."

Ààrẹ kóòtù yíjú sí obìnrin náà. "Ṣé o fa ẹjọ́ rẹ sẹ́yìn?"

"Rárá, sà. Ẹ sún un síwájú ná, kí n lọ wẹ̀ wò."

Ẹ̀rín gba gbogbo kóòtù. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọjọ́ pé, òórùn ọṣẹ ló ṣáájú obìnrin náà wọlé, ó sì fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Oyin tí akọ̀wé kọ̀, Ìbídùn ló fi mu ògì tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ìwé kóòtù bá dé bá yín, ẹ má ṣe dá a padà, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ lé yín sá. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa ohun tí kò bá yé yín, kí ẹ sì débẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ilẹ̀kùn lè parí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó débẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ẹnu rẹ̀. Kí ìwé kankan sì tó dé rárá, ẹ wo inú ilé yín dáadáa: ibo ni ẹnìkan ti ta aṣọ síbi tó yẹ kí ẹ kan ilẹ̀kùn sí?