Oòrùn Tí Olùkọ́ Yà

Olùkọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, iṣẹ́ àdìrẹ ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn rere ni. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lè rí omijé lójú ẹnikẹ́ni kí ó má sáré wá nǹkan tí yóò fi nù ún.

Ní ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kú. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ibà ọjọ́ díẹ̀ ló gbé e lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, ni wọ́n bá ní kí àwọn jọ ṣe aṣọ ńlá kan tí àwọn yóò fi kọ́ sí gbọ̀ngàn fún ìrántí rẹ̀. Olùkọ́ gbà. Ó fi ìlà pín aṣọ funfun náà, ó fún olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, ó ní kí wọ́n ya ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n àti ìrètí tó kù.

Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya irú àdìrẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. Bí aṣọ bá wọnú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà yóò funfun, ibi tí kò sí ẹ̀kọ ni aró yóò mu. Wọ́n ya ẹyẹ, wọ́n ya igi gígé tó tún ń rúwé, ẹnì kan ya sálúbàtà Ìbídùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, jókòó ti àyè tirẹ̀ láàárín aṣọ, kò fi ẹ̀kọ kàn án. Àwọn yòókù ń kùn pé ó ya ọ̀lẹ. Olùkọ́ bi í léèrè.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí tèmi wà bẹ́ẹ̀.”

Olùkọ́ ní kò burú. Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, àánú ọmọ náà ṣe é. Ó rò pé ìbànújẹ́ ló dè é lọ́wọ́, pé ojú yóò tì í bí tirẹ̀ bá dá yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mú ìyẹ́, ó ya oòrùn tó ń yọ síbẹ̀. Ó sì dára. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, a kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ọmọ náà tó tún rí aṣọ náà, ẹ̀kọ ti gbẹ, aró sì ti bò ó. Wọ́n rì í sínú aró, wọ́n sá a, wọ́n tún rì í, títí ó fi dú dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nawọ́ sí oòrùn náà, ó ní ìyẹn ló wọ òun lọ́kàn jù. Olùkọ́ yíjú wá ọmọ náà, ó fẹ́ rí bí inú rẹ̀ yóò ṣe dùn. Ẹ̀yìn ló dúró sí, omi ti kún ojú rẹ̀.

Ó ní, “Sà, ibẹ̀ ni mo fi Ìbídùn sí. Mo fẹ́ kí aró mu ibẹ̀ tán ni. Gbogbo èèyàn ló ní kí n gbàgbé, ibẹ̀ nìkan ni mo ní.”

Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn yóò dá aṣọ padà sínú aró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ti kúrò lára gbogbo rẹ̀. Bí aṣọ bá padà wọnú aró, ẹyẹ, igi àti sálúbàtà ni aró yóò gbé mì. Ọmọ náà ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kò bú olùkọ́, ó ń kúnlẹ̀ kí i níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé. Àmọ́ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ kankan hàn án mọ́ títí ó fi jáde. Àlejò ń yin oòrùn náà títí dòní, olùkọ́ kì í lè gbójú sókè wò ó. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ìwọ náà, àbúrò mi, o ní o ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọmọ rẹ̀ kú. O ti múra “omi ló dànù, agbè ò fọ́” sílẹ̀, o sì fẹ́ kó aṣọ ọmọ náà kúrò nílé kí ìyá rẹ̀ má baà máa rí i. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Olùkọ́ yẹn náà fẹ́ràn ọmọ yẹn. Lọ, bá a dáná, bá a pọnmi, jókòó tì í. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kó aṣọ náà, yóò pè ọ́. Bí kò bá sì pè ọ́ láéláé, aṣọ ọmọ rẹ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ.