Olùtọ́jú Ìwé àti Lẹ́tà Ìyá Oyèkúnlé

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tọ́jú ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní ìlú kan létí ọ̀sà. Òfin ìlú náà fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Òfin kan náà gba ọlọ́pàá láyè láti fi èyí tó lè ba ìwádìí jẹ́, tàbí tó lè fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni sínú ewu, pamọ́.

Ìyá arúgbó kan kọ lẹ́tà wá. Ọmọ rẹ̀, Oyèkúnlé, wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà wálé. Ó béèrè nínú lẹ́tà náà pé, kí ni àwọn ọlọ́pàá rí? Ọkùnrin náà fèsì pé ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni lẹ́tà ń wá, èsì kan náà ló sì ń gbà. Ọkùnrin náà kò fìgbà kan ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ náà wò.

Lọ́dún keje, ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọyẹ́ ń fẹ́, kùrukùru bo ọ̀sà, àfi bí ẹni pé inú kùrukùru náà ni ìyá náà ti jáde. Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé kí n dáwọ́ dúró ni?"

Ọkùnrin náà wọ yàrá ìwé, níbi tí eruku ti ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn, ó sì ń ka fáìlì náà bí ẹni tó ń lálàá. Ìwádìí ti parí láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń lé àwọn onífàyàwọ́ ló kọlu ọkọ̀ èrò tí Oyèkúnlé wọ̀. Àwọn apẹja ló sin Oyèkúnlé sí òdìkejì ọ̀sà.

Ọ̀gá rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó ní, "Orúkọ ẹni tó ta wá lólobó wà níbẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ á pa á. Dá fáìlì náà padà."

"Orúkọ kan ṣoṣo ni, sà."

Ó fi yíǹkì dúdú pa orúkọ náà rẹ́, ó sì ka ìyókù fún ìyá náà.

Ìyá náà béèrè pé, "Ṣé wọ́n fi aṣọ dì í?"

"Wọ́n fi aṣọ dì í, mà."

Ìyá náà dìde, ó sì gba ọ̀nà èbúté lọ.

Ìwọ tí ìwé ẹlòmíì wà lọ́wọ́ rẹ, òótọ́ ni pé òfin ní kí o dáàbò bo ẹni tí ọ̀rọ̀ lè pa. Fi orúkọ onítọ̀hún pamọ́. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìtìjú tìrẹ lò ń fi orúkọ rẹ̀ bò, lọ ṣí fáìlì náà lónìí, kí o tó kọ èsì míì.